Ríri ọ̀bẹ bọ epo: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń mú kí irin ọ̀bẹ le

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún ẹni tó ti rọ ọ̀bẹ, tàbí tó ti gé e jáde lára irin, tó sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ le tó láti mú kó sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Irin tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ láìsí àdàlù púpọ̀ la ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ló ṣeé fi iná àgbẹ̀dẹ kékeré ṣe. Nọ́ńbà bíi 1084 àti 5160 ni orúkọ tí àwọn tó ń ta irin fi ń pè wọ́n.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú irin gan-an nígbà tí a bá rì í bọ epo?

Kábọ́ọ̀nù díẹ̀ wà nínú irin ọ̀bẹ, òun ló sì ń jẹ́ kó lè le. Nígbà tí irin bá tutù, kábọ́ọ̀nù yìí kò tú ká. Ó so mọ́ irin díẹ̀, ó di ìpele líle tín-ín-rín láàárín àwọn ìpele rírọ̀. Pearlite ni wọ́n ń pè é, fáìlì sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Bí ìgbóná bá kọjá nǹkan bí 727°C, ètò inú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di austenite, kábọ́ọ̀nù á sì yọ́ sínú rẹ̀.

Tí a bá jẹ́ kó tutù jẹ́jẹ́ láti ibẹ̀, kábọ́ọ̀nù á ráyè jáde, irin á sì padà di pearlite. Tí ó bá tutù kíákíá, kábọ́ọ̀nù á há sínú, ètò irin á fún mọ́ ọn. Ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ ni martensite, tí wọ́n fi orúkọ Adolf Martens, onímọ̀ irin ará Jámánì, pè. Òun ló le, òun náà ló sì ń fọ́ bí dígí tí a kò bá tún un gbé gbóná.

Àyíká 540°C ni pearlite ti ń yára hù jù lọ. Ọ̀bẹ 1095 gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tilẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀. 1084 fún wa láyè díẹ̀ sí i. 5160 àti O1 fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nígbà tí irin bá wá já sí àárín 250°C sí 200°C, martensite á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kò sì ní parí títí irin á fi tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á. Nítorí náà, òkè la ti nílò eré, ìsàlẹ̀ la ti nílò sùúrù. Ìsàlẹ̀ yìí ni púpọ̀ nínú wíwọ́ àti sísán ti ń wá, torí pé martensite gba àyè ju austenite lọ: irin ń fẹ̀ níbi tó ti ń le, ibi tí kò tíì le sì ń fà á padà.

Irin wo ni kí olùbẹ̀rẹ̀ lò?

1084. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 0.84 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì béèrè pé kí ẹ dá a dúró pẹ́ nínú iná. Tó bá ti dé ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, tó sì gbóná dọ́gba, ó ti ṣetán. 1095 ní kábọ́ọ̀nù jù ú lọ, ṣùgbọ́n mángánísì rẹ̀ kéré, ìyẹn ló fi ń fẹ́ epo tó yára gan-an. 5160, tó ní kúrómíọ̀mù díẹ̀, ń fara da òróró lásán dáadáa, ó sì dára fún ọ̀bẹ ńlá àti àdá. O1 àti 52100 ń ṣe ọ̀bẹ tó dára púpọ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí a dá wọn dúró nínú ìgbóná tó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, iṣẹ́ tó nira fún ẹni tí kò ní ààrò tó ń ṣọ́ ìgbóná ara rẹ̀.

Irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún kò lè di ọ̀bẹ tó mú, ohun yòówù kí ẹ rì í bọ̀. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n fi ń kọ́lé wà ní ìsọ̀rí yìí.

Mo ní irin àlòkù, mi ò sì mọ irú rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi wákàtí púpọ̀ ṣòfò lé e lórí. Ẹ gé igi kékeré kan lára rẹ̀, kó gùn tó ìka, kó sì nípọn tó mìlímítà 3. Ẹ gbé e gbóná títí òòfà kò fi ní lè gbé e mọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ rì í bọ òróró tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi fáìlì gbá a. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le. Tó bá ń jẹ ẹ́, ẹ tún un ṣe, kí ẹ rì í bọ omi lọ́tẹ̀ yìí. Bí fáìlì bá ṣì ń jẹ ẹ́, ẹ gbé irin náà sílẹ̀.

Tí ó bá le, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, ẹ dè é mọ́ fáìsì, kí ẹ fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ yẹ kó rí eérú, kó jọ̀lọ̀, kí hóró, ìyẹn àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di irin, má ṣeé fojú rí. Bó bá ń kọ mànàmànà, tí ojú lè ka hóró rẹ̀, iná ti pọ̀ jù fún un.

Ọ̀pọ̀ sípíríǹgì ọkọ̀ jẹ́ 5160 tàbí irin tó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Sípíríǹgì tó ti sáré lórí ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tún lè ní ìlà sísán tí ojú kò rí. Fún ọ̀bẹ tí ẹ máa tà fún ẹlòmíràn, irin tuntun tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Báwo ló ṣe yẹ kí irin gbóná tó kó tó wọ epo?

1084 fẹ́ 800°C sí 815°C. 1095 fẹ́ nǹkan bí 800°C. 5160 fẹ́ nǹkan bí 830°C. O1 wà láàárín 800°C sí 815°C, 52100 sì fẹ́ nǹkan bí 845°C. Bí ìgbóná kò bá dé ibẹ̀, kábọ́ọ̀nù kò ní yọ́ tán, ojú ọ̀bẹ á rọ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀ jìnnà, hóró inú irin á tóbi. Ọ̀bẹ náà lè le lójú fáìlì, àmọ́ á ṣẹ́ níbi tí kò yẹ kó ti ṣẹ́. Nínú méjèèjì, èkejì ló burú jù, torí pé ojú kì í tètè rí i.

Mi ò ní ohun tó ń wọn ìgbóná. Ṣé àwọ̀ irin tó?

Àwọ̀ nìkan ń tan ni jẹ. Irin tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ nínú òjìji kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn pé ó pọ́n nínú oòrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ sì ń sun irin wọn jù. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì so àwọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn àmì wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́ ni òòfà. Irin ń kọ òòfà ní nǹkan bí 770°C. Ẹ so òòfà mọ́ ẹnu iná, ẹ máa fi ọ̀bẹ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ní orí, ní àárín àti ní ìdí. Ìgbà tí kò bá fà á mọ́ níbikíbi, ẹ dá a padà sínú iná kó lè gbóná díẹ̀ sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ìgbà tó kọ òòfà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn rì í bọ epo lójú ẹsẹ̀ tó kọ òòfà. 770°C kò tíì tó.

Èkejì ni iyọ̀ tí a fi ń se oúnjẹ. Ó ń yọ́ ní 801°C. Ẹ wọ́n díẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kan tó wà nínú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ: bó bá yọ́ di omi, ẹ ti kọjá 800°C. Ẹ má wọ́n ọn sára ọ̀bẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta fẹ́ ojú tó ń ṣọ́ nǹkan. Bí irin ṣe ń yí padà di austenite, ó ń gba ooru sára, òjìji dúdú kan á sì máa rìn lójú ọ̀bẹ láti ibi tó nípọn díẹ̀ sí ibi tó nípọn jù. Nígbà tí òjìji náà bá lọ tán, tí àwọ̀ wá dọ́gba jákèjádò, irin ti yí padà tán. Ẹni tó bá ti mọ òjìji yìí rí kò ní sun irin jù mọ́, ó sì tọ́ kí ẹ fi irin àlòkù mélòó kan kọ́ bí a ṣe ń rí i kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ gidi.

Kí ló yẹ kí n ṣe sí ọ̀bẹ kó tó dé iwájú epo?

Ìdí abájọ ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tó wọ́ àti èyí tó sán wà níhìn-ín. Epo kàn ń fi ohun tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀ hàn ni.

Lẹ́yìn rírọ, ẹ fi ara irin balẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ gbé e dé nǹkan bí 870°C, ẹ mú un jáde, ẹ jẹ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ títí àwọ̀ pupa á fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí 830°C, lẹ́yìn náà ní nǹkan bí 780°C. Àkọ́kọ́ ń tú ìnira tí òòlù fi sínú irin ká, àwọn tó kù ń sọ hóró rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá ń tutù, ẹ gbé e kọ́ tàbí kí ẹ dè é ní ìdí kó dá dúró. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí irin tútù, ẹ̀gbẹ́ kan á yára tutù ju ìkejì lọ, á sì wọ́.

Ojú ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù. Ẹ fi mìlímítà 1 sí 1.5 sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú tó ti mú kó tó wọ epo á ká bí ewé, tàbí kó sán. Ohun tí ẹ bá fi lọ̀ ọ́ ní apá òsì ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́ ní apá ọ̀tún, torí pé apá tó nípọn jù á tutù lẹ́yìn, á sì fa ọ̀bẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ fi sáńpépà 120, ó kéré tán, nu àwọn ìlà jíjìn tí ẹ̀rọ ìlọ̀ fà sára rẹ̀ kúrò, pàápàá èyí tó dábùú ojú ọ̀bẹ. Sísán fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀. Igun tó mú láàárín ojú ọ̀bẹ àti ìdí rẹ̀ náà burú. Ẹ yí i ká. Ihò tí ìṣó èèkù máa gbà kọjá, ẹ lu ú báyìí, torí pé tí irin bá ti le, bíìtì kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Omi, omi iyọ̀ tàbí òróró: èwo ló dára jù?

Kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo irin. Ẹ wo ohun tí irin béèrè, kí ẹ fún un ní èyí tó rọra jù lọ tó lè mú un le tán.

Tí irin pípọ́n bá wọ inú omi tàbí òróró, ìbòrí oru á kọ́kọ́ bò ó, ìbòrí yìí kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde dáadáa. Lẹ́yìn náà ìbòrí á já, ohun tó wà nínú agolo á máa hó lára irin, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń jáde kíákíá jù. Níkẹyìn, híhó á dáwọ́ dúró, ooru tó kù á máa jáde jẹ́jẹ́. Àṣírí gbogbo rẹ̀ ni kí ìbòrí àkọ́kọ́ tètè já, kó sì já níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi lásán yára, àmọ́ ìbòrí rẹ̀ kì í já dọ́gba. Apá kan á le, apá kejì á ní ojú rírọ̀ yíká. Bí ẹ bá po iyọ̀ mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 100 sí lítà kan, iyọ̀ á fọ́ ìbòrí náà kíákíá, líle á sì dọ́gba. Síbẹ̀, omi àti omi iyọ̀ ń yára ní ìsàlẹ̀ náà, níbi tí a ti ń fẹ́ sùúrù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀bẹ púpọ̀ ń sán sínú wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún 1095 àti irin tó jọ ọ́, lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà pé díẹ̀ nínú ọ̀bẹ rẹ̀ lè bàjẹ́.

Òróró kánólà àti òróró ẹ̀pà ń ṣe dáadáa fún 1084, 5160 àti O1. Fún 1095, epo ilé iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ríri irin, irú èyí tó yára bíi Parks 50, ló fini lọ́kàn balẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju òróró lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀. Òróró ewéko máa ń bàjẹ́, á sì máa rùn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tó bá ti ń fà bí oyin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Epo ẹ́ńjìnì àlòkù ńkọ́?

Ẹ má lò ó. Ó lọ́ra, bó ṣe rí nínú agolo kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ohun tó ṣe fún ọ̀bẹ àná lè má ṣe fún tòní. Èéfín rẹ̀ ní májèlé irin àti kẹ́míkà ẹ́ńjìnì nínú. Àwọn kan gbà gbọ́ pé dúdú inú rẹ̀ ń fi kábọ́ọ̀nù kún irin. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ọ̀bẹ ń lò nínú epo kò tó fún kábọ́ọ̀nù láti wọnú irin.

Ṣé kí epo tutù ni, àbí kó gbóná? Báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Òróró fẹ́ 50°C sí 60°C. Ó lè ya ẹni lẹ́nu pé òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń mú irin tutù kíákíá ju òróró tútù lọ, àmọ́ òróró tútù ki, kì í ṣàn tó lára irin, ìbòrí oru rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó já. Ẹ gbé irin àlòkù kan gbóná, ẹ rì í bọ inú rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi ohun ìwọ̀n ìgbóná ibi ìdáná wò ó. Epo ilé iṣẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n kọ sára agolo; ẹ tẹ̀ lé e.

Nípa iye rẹ̀, lítà 8 sí kílò irin kan ló tọ́. Ọ̀bẹ ilé ìdáná kì í tó ìdajì kílò, nítorí náà lítà 4 á gbé e dáadáa tí agolo bá jìn tó. Gbogbo ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì ku bí ìbú ọwọ́ kan lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rì ju ọ̀bẹ kan lọ, ẹ máa wọn epo náà láàárín, kó má kọjá 65°C.

Ṣé iná kò ní gba epo náà?

Ó lè gbà á, nítorí náà ẹ ti múra sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Agolo irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tí kò lè ṣubú ni kí ẹ lò. Rọ́bà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, garawa tí wọ́n fi síǹkì bò náà kò dára, torí èéfín síǹkì. Ìdérí irin tó bo ẹnu agolo rẹ́gí gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó: tí iná bá ràn, ẹ dé e, ẹ má sì ṣí i kíákíá. Ẹ ní ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun nítòsí. Omi kò gbọ́dọ̀ kan epo tó ń jó láéláé, á tú iná náà ká síra yín.

Omi tó bá ti wà nísàlẹ̀ epo léwu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Tí irin pípọ́n bá kàn án, yóò di oru lójijì, á sì da epo gbígbóná sókè. Ẹ máa dé agolo ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lò ó. Ìbọ̀wọ́ awọ, ìbòjú, aṣọ òwú tó bo apá, bàtà tó bo ẹsẹ̀: kò sí èyí tó ṣeé yọ sílẹ̀ nínú wọn. Ìta gbangba tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti ṣe é.

Báwo ni kí n ṣe rì í gan-an?

Kí iná tó wọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ tútù dán ọ̀nà náà wò: láti ẹnu iná dé ẹnu agolo, ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú di ìdí rẹ̀ mú, kó má yẹ̀.

1. Ẹ gbé epo dé 50°C sí 60°C, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ti lè mú un.
2. Ẹ gbé ọ̀bẹ gbóná jẹ́jẹ́, kí ẹ máa tì í síwá sẹ́yìn nínú iná. Ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín, á fẹ́ sáré ju ìyókù lọ. Ẹ tì í kọjá ibi tí iná ti gbóná jù.
3. Nígbà tí àwọ̀ bá dọ́gba ní ìwọ̀n tó yẹ, ẹ mú un jáde, ẹ sì rì í láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ojú tín-ín-rín ń tutù kíákíá nínú afẹ́fẹ́.
4. Ẹ rì í ní òró, ṣóńṣó ṣíwájú, tàbí ní ìbú, ojú ọ̀bẹ ṣíwájú. Ọ̀kan yòówù kí ẹ yàn, kó má dagun. Ẹ tì í wọlé láìdúró. Tí ẹ bá dúró ní àárín, ibẹ̀ ni iná á ti ràn.
5. Nínú epo, ẹ máa gbé e sókè sódò tàbí síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi í gé nǹkan. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá epo, torí pé ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣáájú á kọ́kọ́ tutù, ọ̀bẹ á sì wọ́.
6. Ẹ ka 8 sí 10, kí ẹ mú un jáde. Ó ṣì gbóná tó 150°C sí 200°C nígbà yìí. Epo tó wà lára rẹ̀ lè rú èéfín, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbiná. Bí iná bá yọ, ẹ dá a padà sínú epo kíá.

Ó ti wọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó jáde nínú epo, martensite ṣì ń hù lọ́wọ́, irin sì ń gbà kí a tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ fún un sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì tó gún nínú fáìsì títí á fi tutù. Nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ó ń kọ̀, ẹ dúró. Ẹni tó bá tẹ ọ̀bẹ tó ti tutù tán tí kò tíì rí ìgbóná kejì (gbígbé e gbóná díẹ̀ nínú ààrò, tí a ṣàlàyé nísàlẹ̀), méjì ni yóò fi í ṣe.

Wíwọ́ tó bá ṣẹ́ kù, inú ìgbóná kejì la ti ń mú un. Ẹ fi kílámpù so ọ̀bẹ mọ́ irin gígún tó nípọn, kí ẹ ki irin kékeré sábẹ́ ibi tó wọ́ kó lè kọjá gígún díẹ̀ sí apá kejì, kí ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ wọ ààrò fún wákàtí méjì. Ìgbà tó bá tutù, ẹ tú u wò. Nígbà mìíràn ó ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo gbọ́ ìró «tíń» nínú epo. Kí nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó sán. Ẹ nù ún, ẹ wá ìlà tín-ín-rín tí epo ń sun jáde nínú rẹ̀, láti ojú ọ̀bẹ lọ sókè. Tí ẹ bá rí i, kò sí àtúnṣe. Ẹ ṣẹ́ ẹ kí ẹ wo hóró inú rẹ̀. Hóró ńlá túmọ̀ sí pé ìgbóná pọ̀ jù. Bí hóró bá dára, ẹ wo ibi tí sísán ti bẹ̀rẹ̀: igun tó mú ni, àbí ìlà ẹ̀rọ ìlọ̀, àbí àmì orúkọ tí wọ́n fi irin tẹ̀ sára rẹ̀? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ohun tí ẹ rì í bọ̀ yára jù fún irin yẹn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó le?

Ẹ fi fáìlì tó dára tì í lójú láìtẹ̀ ẹ́ jù. Kó yọ̀, kó sì dún gooro. Èèpo dúdú tí iná ń fi sára irin àti ìpele ìta tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti jóná nínú iná lè tàn yín jẹ: fáìlì á jẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fá ìpele yẹn kúrò kí ẹ tó pinnu. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, tí wọ́n fi ń wọn líle irin, 1084 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo máa ń tó 64 sí 65.

Bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ títí, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: irin kò gbóná tó, ẹ pẹ́ láàárín iná àti epo, tàbí epo lọ́ra jù fún irin náà. Ohun kẹrin, kí irin má ní kábọ́ọ̀nù tó, kì í ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti dán an wò.

Ṣé mo lè tún un rì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má kàn dá a padà sínú iná kí ẹ tún rì í o. Ẹ fi ara rẹ̀ balẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ tó tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá wọ iná ni kábọ́ọ̀nù ìta ń jó díẹ̀ sí i, ewu wíwọ́ náà sì ń pọ̀. Bí kò bá gbà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wá ohun tó fà á ná.

Kí ni ìgbóná kejì, ṣé dandan ni?

Dandan ni, ọjọ́ kan náà, kí wákàtí méjì tó kọjá. Ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le kún fún ìnira nínú. Ó lè sán lórí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, bó bá sì bọ́ sílẹ̀ ó lè fọ́. Ìgbóná kejì ń gba díẹ̀ nínú líle rẹ̀, ó sì ń fi agbára láti fara da ìlò rọ́pò.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á, ẹ fọ epo kúrò, ẹ fá ibì kan dán. Ẹ gbé e sínú ààrò ní 200°C fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un ṣe fún wákàtí méjì mìíràn. Austenite díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lè di martensite tuntun nígbà tó bá ń tutù lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ti èkejì ló sì ń tọ́jú ìyẹn. Ní 200°C, 1084 á wá sí nǹkan bí 60 sí 61 lórí Rockwell C, ó sì dára fún ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ọ̀bẹ tó ń gé igi fẹ́ nǹkan bí 230°C. Ẹ má ṣe gbé irú irin yìí sáàárín 260°C sí 370°C ní ìrètí pé á túbọ̀ fara da nǹkan: láàárín ibẹ̀ ni ó tún ti ń di èyí tó ń tètè ṣẹ́.

Ààrò ilé ìdáná máa ń lọ sókè sódò, ohun tó kọ sójú rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Ẹ fi ohun ìwọ̀n mìíràn sínú rẹ̀, ẹ kó iyanrìn sínú àwo irin, kí ẹ ri ọ̀bẹ mọ́ àárín rẹ̀ kí ìgbóná má bàa máa ta lù ú. Àwọ̀ tó ń hàn níbi tí ẹ fá dán náà ń sọ̀rọ̀: àwọ̀ koríko gbígbẹ fífẹ́lẹ́ jẹ́ nǹkan bí 205°C, èyí tó ṣú díẹ̀ jẹ́ 230°C, àwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ 255°C, àwọ̀ àlùkò 280°C, àwọ̀ aró 300°C. Àmọ́ àkókò ń yí àwọ̀ yìí padà: ọ̀bẹ tó bá pẹ́ ní 200°C á ṣú ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Ṣé ojú ọ̀bẹ nìkan lè le, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ mú gbogbo rẹ̀ le, kí ẹ ṣe ìgbóná kejì tán, kí ẹ wá gbé ojú rẹ̀ sínú àwo omi, kí ẹ máa fi iná ẹlẹ́nu kékeré sun ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi yọ àwọ̀ aró. Èkejì ni kí ẹ rì ìdá kan nínú mẹ́ta ojú rẹ̀ nìkan bọ epo. Ó ń ṣe dáadáa fún 5160, ṣùgbọ́n epo máa ń gbiná níbi tí irin pípọ́n ti yọ lókè.

Ẹ̀kẹta ni amọ̀, ọ̀nà àwọn alágbẹ̀dẹ idà Japan. Ẹ fi amọ̀ tó ń gba iná, nǹkan bíi mìlímítà 3, bo ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oru á fọ́n ọn dànù nínú iná. Apá tí amọ̀ bò á tutù jẹ́jẹ́, á di pearlite. Ojú á di martensite, ààlà wọn á sì hàn bí ìlà funfun lẹ́yìn dídán. 1095, W2 àti 1075 ló ń gbé ìlà yìí jáde. Lórí 5160 àti O1, asán ni, torí pé abẹ́ amọ̀ pàápàá á le.

Irin tí kì í dógùn-ún ńkọ́?

Iná àgbẹ̀dẹ kò lè ṣe é dáadáa. AEB-L, fún àpẹẹrẹ, fẹ́ nǹkan bí 1065°C tó dúró sójú kan, kí wọ́n fi bébà irin wé e kí afẹ́fẹ́ má kàn án, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un sáàárín aluminíọ̀mù pẹlẹbẹ méjì tó nípọn dípò epo. Ẹni tí kò ní ààrò bẹ́ẹ̀, kó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é fún owó.

Lẹ́yìn ìgbóná kejì, ṣé mo lè padà sórí ẹ̀rọ ìlọ̀?

Ẹ lè padà, àní ẹ gbọ́dọ̀ padà, torí pé mìlímítà tí ẹ fi sílẹ̀ lójú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lo sáńpépà tuntun tó mú, kí eré ẹ̀rọ má pọ̀ jù, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ìka lè gbọ́ ìgbóná, kí ẹ sì máa ti ọ̀bẹ bọ omi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fà á kọjá. Bí omi tó wà lójú rẹ̀ bá ti ń gbẹ nígbà tí ẹ ṣì ń lọ̀ ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ṣóńṣó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jóná. Bí àwọ̀ aró bá yọ níbì kan, líle ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi kò sì lè dá a padà. Ẹ lọ̀ ọ́ kọjá ibi tí àwọ̀ náà dé, tàbí tó bá wọnú jìnnà, ẹ fi ara irin balẹ̀ kí ẹ tún un rì.